Epo Wo Ni Jíìpù Màmá Ń Mu?

Ìyá tó bí ìyá mi ti lọ, èmi ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí mo ti hu ewú dé inú imú ni mo jókòó tí mo ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi mí rẹ́rìn-ín. Ọmọdé ni Màmá nígbà tó bí ìyá mi, ọmọdé ni ìyá mi nígbà tó bí èmi náà, a kàn tẹ̀ lé ara wa gbọ̀ngbọ̀n bí ọmọ ilé-ìwé tó tò sórí ìlà ni. Nígbà tí ìyá mi kú, Màmá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Àlàbí, ẹni tó yẹ kó sin mí ti ṣáájú mi lọ. Ṣé ìwọ lo máa wá sin mí ni, àbí èmi ni n ó sin ìwọ náà?" Mo ní kò yé mi.

"Kò yé èmi náà," ló wí.

Ẹ má retí pé kí n sọ ọdún tí wọ́n bí i fún yín. Mo kàwé dé ibi tí ìwé ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka èmi náà, mo bá gba ojú fèrèsé jáde. Ohun tí mo mọ̀ ni Màmá fúnra rẹ̀, àti jíìpù rẹ̀ àtijọ́ yẹn, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fà lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹrẹ̀ bá fẹ́ mú un. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, ohun kan ṣì dàrú mọ́ mi lójú nípa àwọn méjèèjì: epo wo ni jíìpù yẹn ń mu?

Ẹ lè ní kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Ẹ gbọ́ àṣẹ tí Màmá fi sílẹ̀ ná. Lórí ibùsùn ní Apo, ní Abuja, nígbà tí ohùn rẹ̀ ti ń dín kù, ó pè wá jọ. "Jíìpù mi ni yóò gbé mi délé. Kí ẹnikẹ́ni má gbé áńbúláǹsì wá o. Bí jíìpù bá sì kú sójú ọ̀nà, ibẹ̀ náà ni kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ sí. Mi ò ní wọ mọ́tò ẹlòmíràn."

Ilé tó ń wí, ilẹ̀ Òkun ni, lẹ́yìn Lọ́kọ́ja. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà wa sùn sí, tí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà bí epo tí a bá rà kò bá bá ẹ́ńjìnnì lára mu, a ó sin Màmá sẹ́bàá títì bí ẹni tí kò ní ilé, ọkọ rẹ̀ yóò sì máa dá sùn títí ayé. Kí ẹ má sọ pé ẹ̀yin ì bá kọ ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn. Nígbà tó wà láàyè gan-an, ta ló tó bẹ́ẹ̀?

Bí jíìpù ṣe dé ọwọ́ rẹ̀ nìyí, bó ṣe sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí mo fi kún un. Nígbà tí Abuja ṣì jẹ́ igbó, tí àwọn òyìnbó awọnlẹ̀ ń fi okùn wá ibi tí ìlú yóò wà, Màmá ni wọ́n gbà pé kó máa se oúnjẹ fún wọn. Ní ọjọ́ kan awakọ̀ wọn rí ejò kan. Ejò náà gùn débi pé àárọ̀ ni orí rẹ̀ ti kọjá, ìrù rẹ̀ ò tíì kọjá títí oúnjẹ ọ̀sán fi jinná. Awakọ̀ sá, kò padà mọ́. Màmá gun orí ìjókòó, ó tẹ ohun tó rí, mọ́tò bá lọ. Láti ọjọ́ náà òun ni olóúnjẹ, òun ni awakọ̀. Ibi tó bá dúró sí láti dín ẹyin, ibẹ̀ ni ọ̀gá awọnlẹ̀ ń kan èèkàn mọ́. Ẹ lọ wo títì kan ní Wuse tó ṣàdédé tẹ̀ láìsí òkè, láìsí odò: ẹyin ni Màmá ń dín níbẹ̀, ó yí mọ́tò kúrò lójú atẹ́gùn. Nígbà tí àwọn òyìnbó náà ń lọ, ọ̀gá wọn ní kí kálukú mú ohun tó bá wù ú nínú ẹrù. Àwọn kan mú fíríìjì, àwọn kan mú ibùsùn. Màmá mú kọ́kọ́rọ́ jíìpù. Mo bi í pé kí ló dé tí kò mú fíríìjì.

"Fíríìjì kò lè gbé èèyàn délé," ló dá mi lóhùn.

Ní ilé epo, ìtìjú ni Màmá jẹ́ fún ẹni tó bá tẹ̀ lé e. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò na àtẹ́lẹwọ́ sí ọmọ tó ń ta epo, ó di dandan kí ó kán díẹ̀ sí i. Yóò fẹ́ atẹ́gùn sí i fùù, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò wojú ọ̀run. Nígbà mìíràn yóò gbà, nígbà mìíràn yóò wọ mọ́tò padà, a ó máa wá ilé epo mìíràn kiri nígbà tí ọmọ ẹlẹ́ran tó ń da màlúù ń kọjá lára wa. Ọmọbìnrin kan ní Jabi fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀ fún un, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, epo kan náà ni gbogbo wa ń tà o."

"Èèyàn kan náà ni gbogbo wa," ni Màmá wí, "síbẹ̀ mo mọ ẹni tí mi ò lè bá jẹun."

Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ bu epo sí jíìpù náà lójú wa àfi òun. Jíìpù sì ní ẹnu méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo bi í ní ọjọ́ kan pé kí ni méjì wà fún. Ó ní ọ̀kan fún epo, ọ̀kan fún omi mímu àwọn òyìnbó tó ń wọ igbó nígbà náà. Mo ní èwo ni ti epo? Ó ní, "O ń rìnrìn-àjò ni?" Mo ní rárá.

"Kí lo wá fẹ́ fi mọ̀ ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ epo yìí náà ló ba ilé wa jẹ́. Màmá bí ọkùnrin méjì lẹ́yìn ìyá mi. Bàbá Jọkẹ́ ni ẹ̀gbọ́n, ó ṣiṣẹ́ ìjọba ní mínísìrì kan títí ó fi fẹ̀yìn tì, díákónì sì ni. Bàbá Tóyìn ni àbúrò, olùkọ́ ni, ó máa ń na ìka sí èèyàn bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀. Láyé ìgbà tí ilé epo ń ta súpà lọ́tọ̀, tí wọ́n ń ta régúlà lọ́tọ̀, Bàbá Jọkẹ́ ní Màmá ti jìyà tó, ohun tí mọ́tò mínísítà ń mu ni kí mọ́tò rẹ̀ máa mu. Bàbá Tóyìn ní ikùn tí a fi régúlà tọ́ dàgbà, súpà yóò gbọ̀n ọ́n ni. Ọ̀rọ̀ di, "Ìwọ ò fẹ́ràn Màmá." Ó di, "Ìwọ lo fẹ́ fi Màmá ṣe fáàrí." Níbi ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ti sọ ọ́ o, ojú gbogbo ayé, ọmọ tuntun ń ké lọ. Láti ọjọ́ náà wọn ò kí ara wọn mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀gbọ́n jókòó lápá fèrèsé, àbúrò lápá ògiri. Nígbà tó yá tí súpà àti régúlà pòórá, tó ku epo kan ṣoṣo níbi gbogbo, a ní ìjà ti parí. Àṣé a kò mọ̀ wọ́n. Bàbá Jọkẹ́ rí ilé epo kan ní Wuse tí wọ́n ní nọ́ńbà epo tiwọn ga ju ti àwọn yòókù lọ. Bàbá Tóyìn ní epo lásán tí wọ́n ń tà ní Apo ni Ọlọ́run dá. Mo bẹ Màmá pé kó bá wọn parí rẹ̀, kó sọ epo kan, kí gbogbo wa sinmi.

"Àlàbí, wọn ò jà nítorí epo," ló wí. "Ọmú ni wọ́n ṣì ń jà sí."

Èmi tí mo wà láàárín, mo gbìyànjú láti mọ òótọ́. Ọmọ mi Dọlápọ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Wuse. Ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n fóònù rẹ̀ mọ ohun gbogbo. Ó wò ó títí, ó ní, "Dádì, nọ́ńbà yẹn kì í ṣe pawá o, kì í ṣe agbára. Sùúrù ni." Mo ní epo wo ló ń ní sùúrù? Ó ní ẹ́ńjìnnì máa ń fún epo pọ̀ kí ó tó tanná sí i. Epo tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré, onínúfùfù ni, ó lè gbiná kí wọ́n tó pè é, ẹ́ńjìnnì yóò wá máa dún kọ́-kọ́-kọ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn. Èyí tó ga máa ń dúró kí wọ́n pè é. Mọ́tò tuntun ń fún un le, ó nílò onísùúrù. Ti Màmá kò fún un le rárá, èyí tó kéré ti tó o.

Ó yé mi. Inú mi dùn. Mo gbé òye mi lọ sọ́dọ̀ Sani, mẹkáníìkì wa ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní Apo. Ó nu ọwọ́. "Kai, Bàbá! Òótọ́ ni Dọlápọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí ti gbó, èédú ti kún inú rẹ̀, àyè ti há níbẹ̀. Ó lè wá bẹ̀rẹ̀ sí í nílò onísùúrù."

"Kí n ra èyí tó ga nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o."

"Èyí tó wálẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò sọ ìyẹn náà. Ẹ gbé e gun òkè, kí ẹ fetí sí i. Bó bá ń kanlẹ̀kùn, ẹ gòkè nọ́ńbà. Bí kò bá kàn, ẹ fi í sílẹ̀."

"Tí etí mi ò bá gbọ́ dáadáa mọ́ ńkọ́?"

"Ha. Ẹ̀yin náà ti gbó nìyẹn."

Mo rò fún Màmá bí mo ṣe gbọ́ ọ, láti orí nọ́ńbà dé orí èédú. Ó jẹ orógbó rẹ̀ títí mo fi parí.

"Èmi náà ti gbó, èédú ti kún inú mi," ló wí. "Ta ló ń wá epo onísùúrù kiri fún mi?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti orúnkún rẹ̀ kí n tó gbàgbé. Nígbàkúgbà tí a bá ń lọ sílé, tí a bá ti kọjá Abaji, jíìpù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òsúkè. Bó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, Màmá yóò fi ọwọ́ kan di sitiárìn mú, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò ti ọwọ́ kejì bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, yóò máa họ nǹkan. Jíìpù yóò tún òsúkè náà ṣe, yóò wúkọ́, yóò sì máa lọ. Mo rò pé orúnkún tó ń dùn ún ló ń họ. Mo ra òróró ìpara kan fún un, èyí tó ń ta bí ata. Ó kí mi kú ìtọ́jú, ó sì fi gbogbo rẹ̀ pa ìdí ilẹ̀kùn jíìpù tó ń ké. Nígbà tí mo bínú, ó ní ilẹ̀kùn ló ń ṣàìsàn.

"Orúnkún mi kò dùn mí," ló wí. "Ó kàn ń yún mi ni."

Nígbà tí Màmá wá sùn, a bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìdààmú jọ. Ní ọgbà mi ní Apo ni jíìpù wà. Ọwọ́ tó ń sọ bí epo ti pọ̀ tó nínú rẹ̀ ti sùn láti ìgbà tí irun orí mi ṣì dúdú, kò sí ẹni tó mọ ohun tó kù nínú táǹkì. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó gbéra, Bàbá Jọkẹ́ dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì. Ó ní kí n lọ bu omi wá fún òun. Kí n tó bu omi dé, kẹ́ẹ̀gì ti gbẹ, ó ń nu ọwọ́. "Mo ti fi ti Wuse sí i. Má jẹ́ kí ẹni yẹn gbọ́." Ó wọlé lọ wọ agbádá. Kò pẹ́, Bàbá Tóyìn dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀. Ó ní kí n lọ wo ẹni tó ń kanlẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn. Nígbà tí mo padà, kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ náà ti gbẹ. "Má jẹ́ kí ẹni yẹn gbọ́ o."

Mo di orí mú. Wọ́n ti po onísùúrù pọ̀ mọ́ onínúfùfù nínú ikùn arúgbó. Mo ní ẹ wá wo ibi tí a ó sin Màmá sí.

A gbé pósí sẹ́yìn jíìpù, a fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí kò pa dé mọ́. Èmi ni mo wà á. Bàbá Jọkẹ́ ní òun ò ní fi ìyá òun sílẹ̀, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá Tóyìn ní òun náà ò ní fi ìyá òun sílẹ̀, òun àti Dọlápọ̀ há ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ pósí. Àwọn ará yòókù wà nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn.

"Àlàbí," ni Bàbá Jọkẹ́ wí, "sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn pé kó gbé ìgúnpá kúrò lórí Màmá."

"Àlàbí, sọ fún ẹni tó wà níwájú pé Màmá ò fẹjọ́ sùn."

"Sọ fún un pé mo ń gbọ́ ọ."

"Sọ fún òun náà pé èmi náà ń gbọ́ ọ!"

Dọlápọ̀ ní, "Ẹ̀yin bàbá, gbogbo wa là ń gbọ́ ara wa. Mọ́tò kan náà ni a wà."

A kọjá Abaji. Òkè kan yọjú. Jíìpù ṣe òsúkè. Ó tún un ṣe. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo pe orúkọ Jésù, mo pe ti Sani mọ́ ọn. Jíìpù mí kanlẹ̀, ó kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo yí kọ́kọ́rọ́, kò dún. Mo tún yí i, kò dún. Àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n dúró, ọwọ́ lẹ́rán.

Bàbá arúgbó kan tó dé fìlà funfun jáde láti inú abúlé tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. "Sannu, sannu. Ẹ kú ọ̀nà. Òkú lẹ gbé?" Mo sọ ọ̀rọ̀ Màmá fún un bó ti rí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó rò ó, ó nàka sí igi káṣú kan. "Ilẹ̀ wà. Abẹ́ ibẹ̀ yẹn dára. Atẹ́gùn ń fẹ́ síbẹ̀, a ó sì máa kí i láràárọ̀. Kí n ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá?"

Nígbà tó dárúkọ ọkọ́, Bàbá Tóyìn bú sẹ́kún. Arúgbó tó ti na ọmọ aráyé lẹ́gba, ó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jà. "Màmá ò mọ ẹnì kan níbí! Bàbá wa ń retí rẹ̀!"

Bàbá Jọkẹ́ yíjú sí i. "Epo ìranù tí o bù sí i ló pa á!" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá àbúrò rẹ̀ sọ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́jọ́ náà ti ní irùngbọ̀n.

"Tèmi kọ́! Ibi tí Màmá fi hàn mí ni mo bù ú sí!"

"Níbo ló wà?"

"Ẹnu òsì!"

"Ẹnu òsì? Ibi omi? O da epo sínú omi?"

"Ọ̀tún ni ti omi! Màmá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní kí n máa bu régúlà mi sí òsì, ó ní kí n má sọ fún ọ kí inú rẹ má baà bàjẹ́!"

Bàbá Jọkẹ́ nàka sí ẹnu ọ̀tún. "Màmá ní… ó ní ọ̀tún ni kí n máa bù tèmi sí. Ó ní òsì ni ti omi. Ó ní kí n má sọ fún ọ kí inú rẹ má baà bàjẹ́."

Àwọn méjèèjì wo pósí. Pósí kò fèsì.

Dọlápọ̀ ló rọra sọ̀rọ̀. "Ṣé kì í ṣe táǹkì méjì ló ní? Bóyá ọ̀kan ló gbẹ."

Bí ìgbà tí èèyàn bu omi tútù sí mi lára ni. Abaji. Òkè. Òsúkè. Orúnkún! Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí ọwọ́ Màmá máa ń lọ. Ọwọ́ mi ba irin tínrín kan, ó tutù, ó rí bí etí ọmọ ewúrẹ́. Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì, sí táǹkì kejì. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Kò jẹ́. Mo tún un yí. Jíìpù wúkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Bí àwọn ará bọ́ọ̀sì ṣe pariwo, ẹyẹ fò lórí igi káṣú. Bàbá onífìlà pàtẹ́wọ́. "Yauwa! Ó dà bí ẹni pé ìyá yín ò fẹ́ràn káṣú."

Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ Òkun, kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ ọ̀rọ̀ mọ́. "Tèmi ló ń gbé Màmá lọ báyìí." "Tìrẹ ló kú lórí òkè!" "Tìrẹ ni!" Wọn ò dákẹ́, wọn ò sì sinmi, inú mi ń dùn bí ẹni tó ń gbọ́ orin. Irin kékeré yẹn, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i lára, nítorí náà èmi náà ò lè dá ẹjọ́. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀gbọ́n di orí pósí mú, àbúrò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, wọ́n gbé Màmá lọ bá ọkọ rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni jíìpù wà báyìí. Àwọn bàbá méjèèjì máa ń wá sí ọgbà mi ní Apo lọ́jọ́ Sátidé, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó, wọ́n ṣì ń jà. Bí mo bá wà ní ilé epo, Bàbá Jọkẹ́ yóò pè mí lórí fóònù: "Àlàbí, èyí tó ga lo rà, àbí?" Màá ní, "Tiyín náà ni, sà." Kó tó gé e, ìpè Bàbá Tóyìn yóò wọlé: "Epo lásán ni o, má jẹ́ kí wọ́n tàn ọ́." Màá ní, "Tiyín náà ni, sà." Màá wá bọ́ sílẹ̀, màá na àtẹ́lẹwọ́ sí ọmọ tó ń tà, màá fẹ́ atẹ́gùn sí i, màá gbóòórùn rẹ̀. N kò gbóòórùn ohunkóhun. Epo wo ni jíìpù Màmá ń mu? Lótìítọ́, mi ò mọ̀.

Dọlápọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá nígbà tí òsúkè dé. Ó rí mi tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Dádì, kí lẹ ń wá lábẹ́ ibẹ̀?"

"Orúnkún ń yún mi," ni mo wí.